Ugbó Tí Mo Dá Sínú Ilé

Ìyá mi kò fi lẹ́tà i bẹ̀rẹ̀ orúkọ ohunkóhun rí. Lẹ́nu rẹ̀, ilé ni ulé, iṣẹ́ ni uṣẹ́, iṣu ni uṣu. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Ìtapàjí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe ń sọ ọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, kí àwọn tísà tó fi pàṣán kọ́ mi ní Yorùbá inú ìwé. Yorùbá inú ìwé náà ni n ó fi kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbí, kí ó lè yé gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n n ó fi u rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó fi sí. U yẹn ló fa ohun tí mo fẹ́ sọ.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹni ogójì ọdún kí n tó kúrò nílé. Ọkọ mi ti kú. Mo ti ṣe akọ̀wé ní ilé-ìwé kan ní Ìkọ̀lé títí wọ́n fi ní àwọn kò nílò akọ̀wé méjì mọ́. Mo fi Bùsọ́lá, ọmọ mi kan ṣoṣo, sọ́dọ̀ ìyá mi, mo sì lọ sí Ìlú Ọba. Bí mo ṣe débẹ̀ kì í ṣe ìtàn.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti sọ fún mi nípa òtútù. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti kọ́kọ́ ríṣẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní, mo kúnlẹ̀ kí ìyá arúgbó kan lórí àga rẹ̀, ó sì figbe ta. Ó rò pé mo ṣubú ni. Nọ́ọ̀sì méjì sáré wá, wọ́n gbé mi dìde, wọ́n ń bi mí bóyá orúnkún ń dùn mí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kí àgbà lórí ìdúró. Ó máa ń ṣe mí bíi pé mo jáde láìwé gèlè.

Nígbà tí físà mi parí, ilé arúgbó náà ní kí n má wá mọ́. Mo ń gbé yàrá kan tí ojú fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri ẹlòmíràn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá tí ẹnikẹ́ni kò pe orúkọ mi. Nígbà mìíràn mo máa ń pe ara mi, kí n kàn lè gbọ́ ọ. Tí mo bá ti pè é tán, yàrá náà á tún dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Yorùbá kan ni mo ti bá Délé pàdé. Ọmọ Ìbàdàn ni, kò ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, ẹ̀rín kì í jìnnà sẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn, ó bá mi níbi tí mo ti ń jẹ ìrẹsì tí wọ́n pín.

Ó ní, "Àǹtí, ṣé ọmọ àgbẹ̀ ni yín?"

"Ta ni kì í ṣe ọmọ àgbẹ̀ ní Èkìtì?"

"Ẹ ṣeun. Iṣẹ́ wà. Ẹ ó máa gbénú ilé, ẹ ó máa bomi rin nǹkan. Kò sẹ́ni tí yóò bi yín ní ìwé."

Mo bi í ní irú nǹkan tí n ó máa bomi rin. Ó ní bí mo bá débẹ̀ n ó rí i.

Láti ìta, ilé náà dà bí ilé yòókù ní òpópónà ọ̀hún: ilẹ̀kùn pupa, kọ́tìnì olódòdó. Nínú, wọ́n ti fi nylon dúdú bo gbogbo fèrèsé òkè. Yàrá mẹ́ta ló wà lókè, kò sí bẹ́ẹ̀dì kankan níbẹ̀. Ìkòkò oníke ló kún wọn, ewéko kan sì wà nínú ìkòkò kọ̀ọ̀kan, kò tíì ga ju ìgùnpá mi lọ. Wọ́n so iná ńláńlá mọ́ àjà. Ìmọ́lẹ̀ náà funfun, ó gbóná, ó ń kùn bí oyin. Kí n má purọ́, inú mi dùn. Ibẹ̀ ni ara mi ti kọ́kọ́ móoru láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Mo ti ìka bọ inú iyẹ̀pẹ̀ ìkòkò kan, mo gbọ́ òórùn ilẹ̀ tútù, omi fẹ́ bọ́ lójú mi.

"Ewé kí lèyí?"

Délé wò mí bíi pé mo ń ṣẹ̀fẹ̀. "Àǹtí, ẹ ò mọ igbó ni?"

"Ugbó?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "I, Àǹtí, I! Igbó! Ẹ̀yin ará Èkìtì yìí, bí wọ́n bá fi I ta yín lọ́rẹ, ẹ ó dá a padà."

Mo mọ igbó. Mo mọ àwọn tó ń fà á lẹ́yìn gáréèjì Ìkọ̀lé tí ojú wọn ń pọ́n. Mo ti tẹ ìwé tí wọ́n fi lé akẹ́kọ̀ọ́ méjì kúrò nílé-ìwé nítorí rẹ̀, ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́. N kò ní sọ pé wọ́n tàn mí. Ọjọ́ kìn-ín-ní ni mo mọ̀. Mo gbé àpò mi sílẹ̀, mo bọ́ bàtà, mo béèrè ibi tí omi wà.

Délé kì í wá ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí wọ́n dàgbà dáadáa, ó sì lọ. Èmi mọ bí nǹkan ṣe ń dàgbà. Mo rí igi tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ahéré ẹ̀yìn ilé, mo kan ọ̀kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewéko kọ̀ọ̀kan, mo ya ìró mi kan tó ti gbó sí wẹ́wẹ́, mo fi so wọ́n mọ́ igi kí orí wọn lè dojú kọ òkè. Bí bàbá mi ṣe ń fi ìtàkùn iṣu gun igi nìyẹn. Iṣu tí kò bá rí igi gùn, ilẹ̀ ni yóò máa wọ́ sí, kò sì ní ta dáadáa. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi. Mo ń kọrin nídìí rẹ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ga dé ìdí iná. Orí wọn pọ́n, ó wá ká kò bí ìwé tí iná ń jó. Nígbà tí Délé wọlé, ó ká ọwọ́ méjèèjì lérí.

"Àǹtí! Ta ló ní kẹ́ ẹ gbé wọn gun igi?"

"Bí a ṣe ń ṣe uṣu nìyẹn."

"Uṣu! Ṣé uṣu lèyí? Oòrùn ti Èkìtì jìnnà, Àǹtí, òkè ọ̀run ló wà. Oòrùn tibí, àjà ni wọ́n so ó mọ́. Ẹ tẹ̀ wọ́n! Ẹ tẹ orí wọn ba!"

Ó fi èyí tí kò jóná hàn mí. Ó fi ìka méjì mú ọrùn rẹ̀, ó rọra rọ̀ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi okùn so ó mọ́ etí ìkòkò. Lẹ́yìn tó lọ, mo gbìyànjú tèmi. Ìkíní kán. Ó dún kẹ́, bí ìka ọmọdé. Mo jókòó sílẹ̀, mo sì ṣe é bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe ẹsẹ̀ ewúrẹ́ tó dá: mo fi igi kékeré méjì há a láàrin, mo wé aṣọ mọ́ ọn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó jinná. Ojú ibi tó ti kán wú, ó le ju ibi yòókù lọ. Délé rí i, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ṣe èyí? Dókítà!" Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sùn ní ọjọ́ náà. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti yìn mí fún ohunkóhun.

Mo kọ́ títẹ̀. Mo mọ ìgbà tí ọrùn rẹ̀ rọ̀ àti ìgbà tó ti le jù. Mo mọ bí a ṣe ń já ṣóńṣó orí rẹ̀ bí ẹni ń já ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, kí ó lè yà sí méjì, kí méjì yà sí mẹ́rin. Nígbà tó yá, gbogbo wọn tẹ́ pẹrẹsẹ bí orí tábìlì, kò sí èyí tó ga ju èkejì lọ. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí n máa wò wọ́n. Ohun tí ìlú náà ti ń ṣe fún mi ni èmi náà ń ṣe fún wọn: ẹni tí kò bá rẹ orí sílẹ̀, iná á jó o. Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń wo ọwọ́ mi tó ti dúdú nítorí oje ewé, tí òórùn rẹ̀ kì í lọ bí mo ti lè fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tó. N kì í jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

Ìgbà náà ni fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wa. Tísà kan ládùúgbò ìyá mi ní ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò sí ibi tó ti ń gbọ́ àfi orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lójú ọ̀nà dáàmù tí wọ́n fi sé odò ìlú. Ní aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, Bùsọ́lá á mú ìyá àgbà lọ́wọ́ gòkè lọ síbẹ̀, èmi á fi káàdì pè wọ́n láti inú àpótí fóònù ẹ̀bá òpópónà. Mo máa ń gbọ́ afẹ́fẹ́ orí òkè náà kí n tó gbọ́ ohùn wọn.

"Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Yèyé."

"Uṣẹ́ kí lò ń ṣe báyìí?"

Mo ti pèsè irọ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ sọ pé aṣọ ni mò ń rán. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti gbé mi padà sí èdè wa, irọ́ náà kò sì ní ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo ní, "Uṣẹ́ ugbó ni, Yèyé."

Lẹ́nu ìyá mi, ibikíbi tí ọkọ́ bá ti ń wọ ilẹ̀, ugbó ni. Ó rẹ́rìn-ín. "Háà! Àwọn òyìnbó náà ń lọ s'ugbó? Bàbá rẹ ìbá gbọ́ èyí! Ó ní ùwé yóò gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ọkọ́ ti bá ọ dé ùlú òyìnbó! Kí lẹ gbìn?"

"Ewéko kan ni. Ó lákọ, ó lábo, bí ùbépẹ. Wọ́n ní kí n fa gbogbo akọ tu."

"Gbogbo rẹ̀? Wọn ò mọ ugbó. Fi ọ̀kan sílẹ̀. Ùbépẹ tí kò rí akọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ni yóò so? Má ṣe ugbó tí kò ní ní ùkórè, ọmọ mi. Èèwọ̀ ni."

Nígbà tí káàdì parí, mo sọ fún ara mi pé n kò purọ́ fún un. Òótọ́ ni. Mo mọ irú òótọ́ tó jẹ́.

Nígbà tí akọ bẹ̀rẹ̀ sí í fara hàn, mo fa wọ́n tu bí Délé ṣe wí. Mo fi ọ̀kan sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀ yàrá ẹ̀yìn. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Nínú gbogbo ohun tí mo ti ń ṣe láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé náà, ìmọ̀ràn ìyá mi nìkan ló dà bí ohun tó tọ́. Ó sì ṣe mí bíi pé òun náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú mi, tó ń ti inú ebè kan bọ́ sí òmíràn.

Wọ́n so. Orí ọ̀kọ̀ọ̀kan kún fún èso kéékèèké aláwọ̀ eérú. Nígbà tí Délé dé, mo ti ń dúró dè é bí ìyá ìkókó tó fẹ́ fi ọmọ han ọkọ. Ó já orí kan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á. Èso dà sílẹ̀.

"Àǹtí. Kí lèyí?"

"Ó so. Wò ó, gbogbo wọn ló so."

Ó jókòó sórí ilẹ̀ láàrin àwọn ìkòkò. N kò tíì rí i kí ó jókòó rí láìrẹ́rìn-ín. "Ta ní ń fa èso? Òdòdó rẹ̀ ni wọ́n ń rà. Èyí tó bá ti so, ó ti bàjẹ́."

"Nǹkan tó so ló bàjẹ́?"

"Ó bàjẹ́, Àǹtí. Ó bàjẹ́ pátápátá."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn tó ni ilé náà wá. Òyìnbó méjì ni wọ́n. Kò sí èyí tó pariwo nínú wọn. Ọ̀kan ṣí àpò mi, ó mú pásípọ́ọ̀tù mi, ó mú kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Ó bá Délé sọ̀rọ̀ bíi pé n kò sí níbẹ̀. Délé ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi, bó tilẹ̀ mọ̀ pé mo gbọ́ Òyìnbó. Bóyá ó fẹ́ kí ó rọ̀ díẹ̀ kí ó tó dé etí mi ni: n ó tún gbogbo rẹ̀ gbìn, títí tí yóò fi gbó n kò gbọdọ̀ jáde. Wọ́n ti ilẹ̀kùn láti ìta.

Mo tún gbìn. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Wọ́n hù, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wọ́n. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ n kò rí ojú ọ̀run. Ọjọ́ Ìsinmi méje ni aago mẹ́rin lù láìsí fóònù. Ní ìkẹjọ, nígbà tí Délé gbé oúnjẹ wá, mo kúnlẹ̀ fún un. Àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé níbi tí mo ti wá, òun náà sì mọ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde." Ó gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì ilé ìdáná. Etí fóònù náà ti bàjẹ́, ó ní láti jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde sí gbangba.

Bùsọ́lá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Màmá, wọ́n fi Màmá àgbà ṣe yẹ̀yẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Ọjọ́ Ìkórè, ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ni. Ìyá mi gbé iṣu lọ síwájú pẹpẹ, wọ́n sì ní kí ó jẹ́rìí. Ó ní Ọlọ́run ti fún ọmọ òun ní ugbó ńlá lókè òkun. Àlùfáà bi í pé kí ni wọ́n gbìn síbẹ̀. Ó ní ewéko kan ni, ó lákọ, ó lábo. Àwọn ọ̀dọ́ tó wálé fún Ìkórè láti Ìbàdàn àti Èkó wà lẹ́yìn. Ọ̀kan nínú wọn pariwo pé, "Yéè! Igbó lọmọ ìyá yìí ń gbìn o!" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìyá mi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí ó rò pé wọ́n ń bá òun yọ̀.

"Ojú ọ̀nà ni mo ti ṣàlàyé fún Màmá àgbà," Bùsọ́lá wí. "Wọ́n ń pè mí lọ́mọ onígbó nílé-ìwé. Màmá, ṣé òótọ́ ni? Ẹ dúró, Màmá àgbà fẹ́ gba fóònù."

Mo gbọ́ afẹ́fẹ́ orí òkè náà. Ìyá mi kò bi mí bóyá mo ti jẹun.

"Ọmọ mi," ó ní. "Ṣé ugbó ni, àbí igbó?"

N kò gbọ́ i yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí láyé mi. Ó pè é díẹ̀díẹ̀, ó pè é dáadáa, bí ẹni tó ti fi ọjọ́ mélòó kan kọ́ ọ. Délé ń jẹun níkangun tábìlì. Ó dáwọ́ dúró.

Mo lè sọ pé ugbó ni. Ìyá mi ì bá gbà á. Ì bá fi lé gbogbo Ìtapàjí létí, ì bá máa jà fún mi títí ikú yóò fi mú un.

"Igbó ni, Yèyé."

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Mo rò pé káàdì ti parí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Wá sí ulé."

"Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi."

"Bí ó jẹ́ ùhòòhò lo wà, wá sí ulé." Ìgbà náà ni káàdì parí.

Délé kò gbé ojú sókè. Nígbà tó yá, ó ní, "Màámi rò pé báǹkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́." Ó wọ kóòtù rẹ̀. "Àǹtí, mò ń lọ ra búrẹ́dì." Búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá wà lórí tábìlì, kò tíì tú ojú rẹ̀. Mo gbọ́ bí ó ṣe pa ilẹ̀kùn dé. N kò gbọ́ kọ́kọ́rọ́.

Mo gòkè lọ, mo bomi rin gbogbo wọn. N kò mọ ìdí tí mo fi ṣe é. Lẹ́yìn náà mo wọ bàtà, mo jáde. Oòrùn ọ̀sán wà níta, kò lágbára, kò sì móoru, ó jìnnà gan-an. Mo dúró lábẹ́ rẹ̀ títí ojú mi fi yé dùn mí. Mo béèrè ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń fa ajá. N kò ní pásípọ́ọ̀tù, n kò sì mọ ẹlòmíràn tó lè dá mi padà sílé. Mo sọ orúkọ mi fún wọn, mo sọ ilé náà, mo sọ ohun tí mo fi ọwọ́ mi ṣe. Wọ́n bi mí lórúkọ ẹni tó mú mi débẹ̀. Mo ní n kò mọ̀ ọ́n. Irọ́ kan ṣoṣo tí mo pa nìyẹn.

Mo ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́jọ, wọ́n sì dá mi padà. Nígbà tí mo dé Ìtapàjí, àwọn ènìyàn kí mi káàbọ̀, wọ́n sì tètè lọ. Bùsọ́lá ń gbé oúnjẹ fún mi láìwo ojú mi. Ìyá mi mú ọwọ́ mi méjèèjì, ó yí wọn padà, ó sì wo àtẹ́lẹwọ́ wọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé ọkọ́ méjì wá sẹ́nu ọ̀nà. "Ó yá," ó ní, "ká lọ s'óko."

Mo rò pé n kò gbọ́ dáadáa. Ní gbogbo àárọ̀ ìgbà èwe mi, "ká lọ s'ugbó" ló máa ń sọ. Mo tẹ̀ lé e.

Àkókò tí ìtàkùn iṣu ń wá igi ni. Ó mú ẹsẹ̀ ebè kan, èmi náà mú ọ̀kan. Nígbà tí mo wojú ilẹ̀, mo rí i pé mo ti tẹ ìtàkùn kan ba, mo ti fi koríko so ọrùn rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ebè. N kò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi ṣe é. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú koríko náà, ó gbé orí rẹ̀ dìde, ó sì yí i mọ́ igi.

"Jẹ́ kó gùn," ó ní. "Oko la wà."

Ó lo ọdún mẹ́rin sí i láyé. Ojoojúmọ́ la jọ ń lọ, ojoojúmọ́ ni mo sì ń tẹ́tí sí i. N kò gbọ́ ugbó lẹ́nu rẹ̀ mọ́.